Gbogbo Ayé Mi, Ẹ̀yìn Máṣíìnì Ni Mo Ń Gbé

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ má retí pé ojú kan ni màá jókòó sí láti sọ ìtàn yìí. Láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni ìjókòó ti ń dá wàhálà sílẹ̀ láàrin èmi àti ọkọ mi. Ó ra àga onítìmùtìmù kan fún mi, ó gbé e sí iwájú ilé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá láti orí àpáta. Adìẹ ló ń sùn lórí àga náà jù. Mo máa ń jókòó, mo máa ń dìde, màá lọ wo ẹ̀yìnkùlé bí ẹni pé nǹkan kan ń dúró dè mí níbẹ̀, màá tún padà wá.

Bọ́sẹ̀dé ni orúkọ mi. Ọ̀kà Àkókó ni wọ́n bí mi sí, Ọ̀kà náà ni mo sì ń gbé. Mẹkáníìkì máṣíìnì ni mí. Àwọn ará ibòmíràn lè pè é ní ọ̀kadà tàbí alùpùpù, máṣíìnì la mọ̀ ọ́n sí lọ́dọ̀ tiwa. Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin máa ń bi mí ni pé ṣé obìnrin lè ṣe é. Ìbéèrè yẹn ti sú mi, nítorí kì í ṣe òun ló yẹ kí wọ́n bi mí. Ó yẹ kí wọ́n bi mí bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀yìn máṣíìnì.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Oko iṣu rẹ̀ wà lẹ́yìn àpáta, níbi tí mọ́tò kò lè dé, máṣíìnì ló fi ń kó iṣu wálé. Lọ́jọ́ kan tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ lọ sí Ìkàrẹ́, ṣéènì máṣíìnì rẹ̀ já, a sì tì í títí a fi dé ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Àrìgìdì. Ọ̀gá Jímọ̀ ni wọ́n ń pe ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, ọkùnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó máa ń dé fìlà funfun tí epo kì í kàn rárá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé girama nígbà náà ni. Ìyá mi ti bá aránṣọ kan sọ̀rọ̀ nítorí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀gá Jímọ̀ tú ẹ̀yìn máṣíìnì bàbá mi palẹ̀, tó ń to irin rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sórí àpò, mi ò lè kúrò níbẹ̀. Bàbá mi lọ jẹun, ó padà dé, mo ṣì wà lórí ìdúró.

Nígbà tí a ń padà sí Ọ̀kà, mo wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí máṣíìnì, mo sọ sí i létí pé iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kọ́. A gun òkè tán, a délé, ó sì sọ fún ìyá mi. Ìyá mi sunkún, ó ní ta ló máa fẹ́ obìnrin tí èékánná rẹ̀ dúdú. Bàbá mi ní kó jẹ́ kí n gbìyànjú, pé tó bá sú mi, èmi fúnra mi ni màá padà wálé. Kò sú mi. Ohun tí mo lè sọ nípa bí mo ṣe débẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀gá Jímọ̀ le. Kì í na ènìyàn, kì í sì í bú ènìyàn, ṣùgbọ́n tó bá wò ọ́, ìwọ fúnra rẹ á tún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yẹ̀ wò. Ó máa ń ki ọwọ́ wa sínú àpò kí a fi ìka wá sípánà tó bá bóòtì mu, láìwò ó. Tí o bá de nọ́ọ̀tì kan tán, ó lè rìn wá láìsọ nǹkan kan, kó tú u, kó sì bá tirẹ̀ lọ. O ò ní béèrè ìdí. Wàá tún un dè ni. Àmọ́ òfin rẹ̀ tó le jù ni ti ìjókòó. Bí máṣíìnì bá ti wà ní títú, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù, àfi ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Ó ní ẹni tó ti fìdí mọ́lẹ̀ kì í tètè dìde bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ṣẹ́, orí ìdúró ni mo wà. Bóyá ibẹ̀ ni àìlèjókòó mi ti wá.

Ohun tó fẹ́ lé mi padà sílé ni gbígbé. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí o bá fẹ́ tún táyà ẹ̀yìn ṣe, tàbí ṣéènì, tàbí búrẹ́ẹ̀kì ẹ̀yìn, ẹ̀yìn máṣíìnì gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ kí táyà lè máa yí. Àwọn máṣíìnì ayé ìgbà yẹn máa ń ní sítáńdì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lábẹ́ ikùn wọn. Tí o bá ti fà á gùn ún, táyà ẹ̀yìn á gbéra nílẹ̀. Ráṣídì ni àgbà ọmọ iṣẹ́ nígbà náà, ọmọ Ìkàrẹ́ tí apá rẹ̀ tó itan mi. Ọwọ́ kan ló fi ń fà á. Tí èmi bá fà á, máṣíìnì ló máa fà mí. Àwọn oníbàárà á dúró, wọ́n á máa wò mí, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀gá pè mí sídìí máṣíìnì kan, ó ní kí n gbé e. Mo fà á títí ọrùn mi fi le.

Ó ní, “Bọ́sẹ̀, apá lo fi ń gbé e. Fi apá sílẹ̀. Gùn ún.”

Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ibi tí irin kékeré ti yọ jáde lára sítáńdì náà. Ó ní kí n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á fi kan ilẹ̀ ní dọ́gbadọ́gba, kí n wá dìde dúró lé e lórí bí ẹni ń gun àkàsọ̀, kí ọwọ́ mi kàn máa tọ́ máṣíìnì sọ́nà. Mo dúró lé e. Máṣíìnì gbéra láti ilẹ̀, ó sún sẹ́yìn díẹ̀, ó sì jókòó sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo wo Ọ̀gá, mo wo Ráṣídì. Ọ̀gá ti kúrò níbẹ̀, ó ti lọ fọ ọwọ́. Mo tún sọ ọ́ kalẹ̀, mo tún gbé e, mo tún sọ ọ́ kalẹ̀, títí ẹni tó ni ín fi ní òun fẹ́ máa lọ.

Ká ní bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe dúró ni, ìtàn mi kò ní gùn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gun máṣíìnì ní Àkókó bẹ̀rẹ̀ sí í gé sítáńdì ẹlẹ́sẹ̀ méjì kúrò. Ẹ mọ ojú ọ̀nà wa. Ẹni tó ń gba orí àpáta lọ sóko, tí irin náà ń kọ lu òkúta lábẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, ó pẹ́ ni, ó yá ni, á gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà tó ń jó irin pé kó bá òun gé e. Ẹlẹ́sẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ nìkan ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀, ìyẹn kò sì lè gbé táyà kúrò nílẹ̀. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta àti àpótí igi gbé wọn. Ráṣídì á gbé ẹ̀yìn máṣíìnì sókè, èmi á ti àpótí sábẹ́ rẹ̀, màá fi òkúta há a. Ọ̀gá kò fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo ìgbà ló máa ń yí i ká, tó máa ń fi ọwọ́ mì í wò, tó sì máa ń sọ pé iṣẹ́ kọ́ nìyí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ń wá, kò sì sí ọ̀nà mìíràn.

Ọjọ́ tí máṣíìnì ṣubú lórí àpótí, òjò ti rọ̀ ní àárọ̀. Àgbẹ̀ kan gun máṣíìnì rẹ̀ wá láti Ìfira, béárìn tó ń jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ máa yí ti jẹ. Ráṣídì ti bá wa gbé e sórí àpótí kó tó lọ sí ọjà láti ra béárìn tuntun. Ọ̀gá jókòó sílẹ̀ nídìí rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ kan sábẹ́ sàlẹ́ńsà, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, ó ń lu béárìn tó ti jẹ náà jáde. Mo wà ní ìdúró ní òdìkejì, mo di ìjókòó máṣíìnì mú. Mo rí i tí òkúta tó wà lábẹ́ àpótí rì sínú ẹrẹ̀. Kò yára rárá. Ó kàn ń rọra lọ bẹ́ẹ̀ ni. Mo fà á mọ́ra, ṣùgbọ́n ó ti tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Ọ̀gá, ó sì wúwo jù mí lọ. Ó wó lù ú lẹ́sẹ̀.

Ọ̀gá kò pariwo. Ó kàn sọ pé, “Ẹ gbé e,” ohùn rẹ̀ sì tinrín bíi ti ọmọdé. Sàlẹ́ńsà gbígbóná ti lẹ̀ mọ́ ojúgun rẹ̀. Èmi àti àgbẹ̀ náà di máṣíìnì mú, a gbé e, ó gbéra díẹ̀, ó tún bọ́ lọ́wọ́ wa. Àgbẹ̀ náà ti dàgbà, agbára rẹ̀ kò tó. Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀, mo sáré wọnú ṣọ́ọ̀bù, páìpù gígùn kan tí a fi ń tú bóòtì tó bá le ni mo rí. Mo ti orí rẹ̀ bọ abẹ́ máṣíìnì, mo gbé àárín rẹ̀ lé òkúta, mo sì fi gbogbo ara mi lé ìdí rẹ̀. Máṣíìnì tí ènìyàn méjì kò lè gbé, èmi nìkan gbé e. Àgbẹ̀ náà wọ́ Ọ̀gá jáde lábẹ́ rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo fi páìpù sílẹ̀.

Eegun rẹ̀ ṣẹ́ nísàlẹ̀ orúnkún. A gbé e lọ sí ọsibítù, lẹ́yìn náà ni àwọn ẹbí rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eegun. Ó pẹ́ kó tó lè rìn, nígbà tó sì rìn, ẹsẹ̀ náà kò lè ká mọ́. Mẹkáníìkì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ká kò lè jókòó nídìí táyà. Ó ní kí a ti ṣọ́ọ̀bù. Ráṣídì dúró díẹ̀, ó wá lọ sí Àkúrẹ́, ó ti ríṣẹ́ síbẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi. Èmi padà sí Ọ̀kà, mi ò tíì gba fíríídọ́ọ̀mù, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n á pè mí.  Ìyá mi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kan tó yá wá sí pálọ̀, ó fi aṣọ bò ó.

Mi ò lè jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó, ìwúwo tó gbéra lórí páìpù yẹn ni mo máa ń rántí, bí ó ṣe fúyẹ́ sí mi lọ́wọ́. Mo máa ń rìn láti ilé dé ojú títì, láti ojú títì dé ilé. Mo ń ronú pé bí páìpù bá lè gbé máṣíìnì, kí ló dé tí kò lè gbé e kó sì dúró? Ní ọjọ́ kan mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan tí à ń pè ní Bàbá Ísíkẹ́ẹ̀lì. Géètì àti irin fèrèsé ló máa ń ṣe. Mo bá a níbi tó ti ń retí kí iná dé. Mo mú èédú, mo ya ohun tó wà lọ́kàn mi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀: irin tó ká bí pátákò ẹṣin tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, apá méjì tí wọ́n á wọ abẹ́ ẹ̀yìn máṣíìnì, ọwọ́ gígùn kan tí ènìyàn máa tẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí ọwọ́ bá lọ sílẹ̀, apá á gòkè, nígbà tó bá dé ilẹ̀, á dúró.

Ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Ọmọ mi, kí ni yóò mú un kó má padà?”

 Òun ló ronú rẹ̀ pé kí ibi tó kan ilẹ̀ kọjá abẹ́ táyà síwájú díẹ̀, kí ìwúwo máṣíìnì fúnra rẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó bá ti gòkè tán. A fi páìpù géètì ṣe èyí àkọ́kọ́. Máṣíìnì bàbá mi la fi dán an wò, ó gòkè, inú mi dùn, ó sì ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àyè ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ̀ tó. Bàbá mi gbé máṣíìnì rẹ̀ nílẹ̀, ó wo dígí tó fọ́, ó ní kí a tún un ṣe. Èyí tó tẹ̀ lé e fẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ lábẹ́ irin. A gé táyà àlòkù, a fi bóòtì dè é mọ́ ibi tí irin ti ń kan irin. Ó tún ga jù, ó ń ti máṣíìnì síwájú kó tó gbé e. A gé e kúrú. Ní ti táyà kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tó ń jẹ́ kó máa yí bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́, béárìn àlòkù la fi ṣe é. Nígbà tó di pé mo lè fi ọwọ́ kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí ọwọ́ kejì sì di ìjókòó mú, tí mo sì lè mi máṣíìnì náà tí kò mira, mo de sítáńdì náà mọ́ ẹ̀yìn máṣíìnì bàbá mi, ó di Ìkàrẹ́.

Ọ̀gá wà níwájú ilé rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpótí. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo gbé sítáńdì náà kalẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bó ṣe dára tó. Ó gbé ọwọ́ sókè.

Ó ní, “Má sọ bó ṣe ń dúró fún mi. Sọ ohun tó máa mú un ṣubú.”

Mo yíjú sí sítáńdì náà. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní tí ilẹ̀ bá rọ̀ tàbí tó bá dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, á ṣubú. Mo ní tí ẹni tó ń gbé e kò bá kọ́kọ́ na sítáńdì ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀, tí kò sì mú máṣíìnì dúró ṣánṣán kó tó tẹ̀ ẹ́, apá kan á gbé ju èkejì lọ, á ṣubú. Tí a bá gbé e tán tí ẹnìkan lọ gun ìjókòó, tàbí tó ń fa bóòtì líle pẹ̀lú ìbínú sí ẹ̀gbẹ́, ó lè ṣubú. Tí táyà iwájú bá ń yí, á yí kúrò lórí rẹ̀, nítorí náà a gbọ́dọ̀ fi rọ́bà de búrẹ́ẹ̀kì iwájú tàbí kí a fi nǹkan há táyà náà. Mo ní tí a bá ń sọ ọ́ kalẹ̀, tí a kò di ẹ̀yìn rẹ̀ mú kí a sì rọra gbé ọwọ́ sítáńdì sókè, á já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ní, “Ẹsẹ̀ ńkọ́?”

Mo ní kò sí ohun tó gbọ́dọ̀ mú ẹsẹ̀ ènìyàn dé abẹ́ rẹ̀.

Ó gbójú kúrò lára mi. Ó ní kí n lọ mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wá lọ́wọ́ ìyàwó òun.

A ṣí ṣọ́ọ̀bù padà. Ọ̀gá ní kí wọ́n tú ilẹ̀ ibẹ̀, kí wọ́n da kọnkéré sí i. Àga ni Ọ̀gá ń jókòó lé, èmi ni mò ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀, tó bá sì fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí, á ní kí n fi ìka kàn án kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún òun. Ó ṣe fíríídọ́ọ̀mù fún mi nígbà tó tó àkókò. Mo bá a ṣiṣẹ́ lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, nítorí mi ò fẹ́ kúrò. Òun ló ní kí n máa lọ. Ó ní ìlú mi náà ní máṣíìnì.

Ìgbà tí mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ọ̀kà ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àwọn máṣíìnì ará Japáànù tó lágbára lọ kúrò lójú títì díẹ̀díẹ̀, èyí tí wọ́n ń kó wá nínú páálí láti tò pọ̀ níbí wá gbòde. Irin wọn fẹ́lẹ́, bóòtì wọn máa ń yọ eyín tí o bá fà á ju bó ṣe yẹ. Mo ní láti kọ́ bí mo ṣe máa fi ọwọ́ fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn wọn ni máṣíìnì ńlá dé, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣe fàájì. Wọn kò ní sítáńdì ẹlẹ́sẹ̀ méjì láti ilé tí wọ́n ti ṣe wọ́n. Sítáńdì ẹ̀yìn wá di ohun tí wọ́n ń tà ní ọjà, tí wọ́n kùn ní pupa àti dúdú, tí ènìyàn lè fi fóònù rà. Mo kọ́kọ́ rò pé ìjọba ọ̀run ti dé.

Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan wà ní Ìkàrẹ́, Fẹ́mi ni orúkọ rẹ̀, oníbàárà mi ni. Ó ra máṣíìnì ńlá, ó sì ra sítáńdì tí wọ́n gbé wá fún un láti Èkó. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó pè mí lórí fóònù. Ó ní máṣíìnì ti yọ̀ lórí sítáńdì, ó ti tẹ̀ sí ògiri, ìyàwó òun sì ń fi ẹ̀yìn tì í kó má ṣubú, òun náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì kò lè fi í sílẹ̀. Mo bi í bóyá aládùúgbò kankan ò sí. Ó ní àwọn ti pe gbogbo wọn, ibi iṣẹ́ ni wọ́n wà. Ìyàwó rẹ̀ ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ẹ̀yìn òun ti ń kú. Mi ò rántí bóyá mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo gun máṣíìnì sọ̀ kalẹ̀ láti Ọ̀kà, àwọn ènìyàn ń yà fún mi lójú ọ̀nà.

Mo bá wọn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Oyún wà nínú ìyàwó náà, ó ti ń làágùn, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti táìlì. Fẹ́mi fẹ́ kí n bá òun fà á dìde. Mo ní kó má fà á. Mo wọ àárín ògiri àti máṣíìnì, mo fi èjìká mi sí ibi tí ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ wà, mo sì ní kí ó rọra yọ jáde, kó lọ jókòó. Ó jáde. Èjìká òsì mi ń dùn mí di òní yìí. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún Fẹ́mi bó ṣe máa yọ sítáńdì kúrò kí a jọ tì í dúró.

Nígbà tí ọkàn wa balẹ̀, mo wo ohun tó fà á. Oríṣi sítáńdì ẹ̀yìn méjì ló wà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà á, ẹ fetí sílẹ̀. Ọ̀kan ní rọ́bà pẹlẹbẹ tí apá irin tó di táyà ẹ̀yìn mú máa ń jókòó lé. Èkejì ní ẹnu bí oríta, kókó irin kékeré méjì tí a dè mọ́ apá náà ló máa ń wọ ẹnu rẹ̀, kò sì lè yọ̀ síbì kankan. Apá ẹ̀yìn máṣíìnì Fẹ́mi dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, epo ṣéènì wà lára rẹ̀, rọ́bà pẹlẹbẹ kò lè dì í mú. Ihò bóòtì tí wọ́n fi ń de kókó irin wà lára máṣíìnì náà, kò sẹ́ni tó lò ó. Ẹ wo apá máṣíìnì yín kí ẹ tó ra sítáńdì. Ẹ wò ó bóyá ihò náà wà. Ẹ wọn bí ó ṣe fẹ̀ láti apá dé apá, kí ẹ sì ra èyí tí a lè sún fẹ̀ tàbí sún há. Ẹ ra èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, tó ní táyà níbi ẹsẹ̀, tí ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ kò ní ihò. Ẹ gbé e lọ́wọ́ wò. Èyí tó bá fúyẹ́ bí àga ike, ẹ dá a padà. Ẹ má sì dá nìkan gbé máṣíìnì ńlá lórí táìlì.

Ìgbà tí èjìká yẹn kò jẹ́ kí n sùn mọ́ ni mo mọ̀ pé ó tó àsìkò láti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní ọmọ iṣẹ́ kan, Àmínátù, obìnrin tó ti lọ́mọ, ará Àrìgìdì, tó ti ṣe tíṣà kó tó wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní iṣẹ́ tíṣà máa ń mú kí òun máa wo fèrèsé. Ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo gbé ṣọ́ọ̀bù lé e lọ́wọ́, a gbàdúrà, a pín bísíkíìtì. Ní ọjọ́ kejì mo tún padà wá. Ní ọjọ́ kẹta mo tún wá. Mo máa ń sọ pé mo kàn ní kí n kọjá ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú iṣẹ́ yìí, màá sọ òótọ́ fún yín. Tí ẹ bá jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ lè balẹ̀ sójú kan, iṣẹ́ mìíràn wà tó máa gbè yín. Iṣẹ́ yìí máa ń wọ inú ara ènìyàn, kì í sì í jáde nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ bá parí. Ọwọ́ yín á dọ̀tí. Ẹ máa gbé ohun tó wúwo jù yín lọ, ẹ ó sì ní láti mọ ọ̀nà tó fi máa ṣubú kí ẹ tó gbé e. Ṣùgbọ́n mi ò rí iṣẹ́ mìíràn tí mo lè fi ọkàn ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àmínátù parí ohun tó ń ṣe, ó fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ó wá sọ́dọ̀ mi, ó sì kúnlẹ̀.

Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé. Tí ẹ bá wà níbí, ẹ̀yin ni àwọn oníbàárà ń bá sọ̀rọ̀. Wọn ò ní bá mi sọ̀rọ̀ láéláé.”

Omi wà lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rù pé màá bínú. Inú sì ń bí mi díẹ̀, kì í ṣe sí i. Mo fi ọwọ́ kàn án ní orí, mo ní mo gbọ́. Bí mo ṣe ń gbé báàgì mi, ọkùnrin kan gun máṣíìnì rẹ̀ wọlé, ó pa á, ó tún tàn án, kí n lè gbọ́ ohun tó ń ṣe é. Èmi ló ń wò. Ó kí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé láti àná ló ti ń ṣe báyìí, tí òun bá fẹ́ gun òkè.

Mo nawọ́ sí Àmínátù, mo ní, “Ọ̀gá nìyẹn.”

Mo jáde. Máṣíìnì náà ṣì ń dún lẹ́yìn mi. Kí n tó dé ojú títì, mo ti mọ ohun tó ń ṣe é. Mo ń rìn lọ, ọwọ́ mi sì ń ṣí, ó ń padé, ó ń ṣí. Mi ò padà.